Ìjókòó Kẹrin

Lowell, ọ̀rẹ́ mi, dúró nínú gáréèjì mi, ó ń pariwo.

"Merle, ṣé orí ẹ pé? Ọkọ̀ ọdún 1963 lo ń lu ihò sí lára? Ta ló máa rà á pamọ́ mọ́?"

"Mi ò ní kí wọ́n rà á. Mo fẹ́ kó fúyẹ́ ni. Eré ìje ló ń lọ sá."

Ó tẹjú mọ́ ìjókòó awakọ̀. Ara ẹnì kan ṣoṣo la fi ń wọn irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, kó lè dì í mú ní kọ́nà.

"Ìkẹrin rèé láàárín oṣù márùn-ún! Àbí téèpù tí o fi ń wọ̀n ọ́n ló ń parọ́?"



Ìlẹ̀kùn ilé ṣí. Marjean, ìyàwó mi, ń bọ̀, ó di ògiri mú.

Mo gbé e sínú ìjókòó náà. Kò wúwo rárá.

Lowell wo ìjókòó náà, ó wo Marjean.

Téèpù mi ò parọ́. Jẹjẹrẹ ló ń dín awakọ̀ mi kù.

"Ó ti fún mi jù, Merle."

"Oṣù Karùn-ún ọdún ni pápá ìje máa ṣí. Bí o ṣe máa rí nígbà yẹn ni mo fi wọ̀n ọ́n."

Marjean wo yìnyín tó bo àgbàlá, ó ń ka oṣù lórí ìka.

"Tún dín in kù díẹ̀ sí i."