Ohun Tó Ń Kànkùn Nínú Jíà

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí Sàlákọ́ mẹkáníìkì tó dé ibi tí ọkọ̀ Ìyá Morónfólú dúró sí lójú ọ̀nà Abà Òkè. Ọ̀kadà tó gbé e wá ti ṣẹ́rí padà kíá. Kò sẹ́ni tó ń fẹ́ pẹ́ níbẹ̀.

"Bí mo bá ti fi sí jíà báyìí, á máa dún," ni ìyá náà wí.

Sàlákọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. "Ẹ fi sí jíà, mà!"

Kó, kó, kó.

Jíà tó ti bàjẹ́ máa ń ha gàràgàrà ni. Èyí ń rọra dún bí ìgbà tí àlejò tó mọ̀wàá hù bá ń kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ tún fi sí i!"

Kó, kó, kó.

Kí Sàlákọ́ tó ronú, ẹnu rẹ̀ ti dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn nílé: "Wọlé o!"

Ariwo náà dákẹ́ lójijì.

"O mà mọṣẹ́ o!" Inú Ìyá Morónfólú dùn. "Máa bọ̀ ká lọ. Ẹ̀yìn ni kó o jókòó sí, ẹrù ti kún iwájú."

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí jẹ́ẹ́, ó sì padé. Ọkọ̀ rọra tẹ̀ sílẹ̀ títí irin fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà Sàlákọ́, tó ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Sàlákọ́, ṣé o ti jókòó?"

Ó la ẹnu kó kígbe, ṣùgbọ́n kò rí ohùn kankan nínú ọ̀fun rẹ̀. Òkè lórí àga ẹ̀yìn ló ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

"Mo ti jókòó, mà."

Ìyá Morónfólú fi ọkọ̀ sí jíà. Kò dún rárá.