Ẹ̀jẹ̀ Inú Ìgò Keje

"Tún un ṣe!" Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí ìwádìí àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ju ìwé èsì àyẹ̀wò lu ọmọbìnrin náà láyà.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti ṣe é, sà. Ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín fọ̀ dànù ló kún inú ẹ̀jẹ̀ ìgò keje."

"Irọ́ lo ń pa! Àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá la gbẹ̀jẹ̀ lára wọn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá rí báyìí ti ń lọ sọ́run." Ó kọjú sí àwọn tó kù nínú láàbù. "Olódo ràbàtà lẹ ń wò yìí!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà ti fẹ́ sọ orúkọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ sí i létí jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn dùn ún dé egungun. Ó ṣí ìwé orúkọ síwájú ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ ka nàmbà keje sókè, sà."

Orúkọ ara rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n bá níbẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́, níjọ́ tí iye èèyàn tí wọ́n fẹ́ gbẹ̀jẹ̀ lára wọn ò pé, tó sì fi tirẹ̀ kún un.

Ọ̀jọ̀gbọ́n rọra ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

"Jọ̀ọ́," ó ní, "tún un ṣe."