Àwo Kérésì fún Àlàájì Bákàrè

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Kérésì, Sàwúdátù ń to àwo sórí tábìlì nílé ọ̀gá rẹ̀ ní Dichemso. Àwo tuntun ni gbogbo wọn, funfun, etí wọn pupa, wọ́n sì ya agogo kékeré sí àárín wọn. Akra ni Màdáàmù ti rà wọ́n kí wọ́n tó kó wá sí Kumasi ní oṣù kẹwàá. Ó gbé fóònù rẹ̀ ti ìgò omi kan, kí Sàwúdátù lè máa wo àwòrán tábìlì òyìnbó tó fẹ́ kí tiwọn jọ.

Bùsáyọ̀ ni wọ́n ń pe Sàwúdátù nínú ilé yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ orúkọ yẹn fún wọn. Lọ́jọ́ tó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n wá béèrè iṣẹ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Màdáàmù bi í: "Ṣé Mùsùlùmí ni ẹ́?" Ó ní rárá. Màdáàmù ní ó dáa bẹ́ẹ̀, nítorí Mùsùlùmí kankan ò ní sùn nínú ọgbà òun. Yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n fún un yìí ni òrùlé kan ṣoṣo tí òun àti ọmọ rẹ̀ ní, látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lé wọn jáde ní Alabar, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí ní Kumasi níbẹ̀.

"Bùsáyọ̀! Ta ló ní kó o gbé fọ́ọ̀kì sọ́wọ́ òsì?"

"Bó ṣe wà nínú àwòrán nìyẹn, mà."

"Àwòrán ló máa jẹun ni? Ta ló ń fi ọwọ́ òsì jẹun? Gbé e sọ́tùn-ún jàre."

Sàwúdátù kó gbogbo rẹ̀ sọ́tùn-ún. Tòlótòló ti wà lórí iná. Lánàá, nígbà tí Kwabena awakọ̀ fẹ́ pa á kó tó lọ sílé ọdún, Màdáàmù dúró tì í, ó ní kó kọjú rẹ̀ sí ìhà táńkì omi, níbi tí oòrùn ti ń yọ, kó má sì gé orí rẹ̀ já. Inú Sàwúdátù dùn. Òun náà á lè jẹ níbẹ̀. Ní ti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí ọ̀gá rà, Màdáàmù ní òórùn rẹ̀ ń fọ́ òun lórí. Sàwúdátù fi ọ̀rá wé ọwọ́ méjèèjì, ó gé e.

Ọ̀gá, Olúṣèyí, yọjú láti pálọ̀. "Túnmiṣe, ẹ fi àwo kan kún un o. Mo pe Àlàájì Bákàrè."

"Àlàájì wo?" Màdáàmù bi ọkọ rẹ̀.

"Bàbá tó bá mi wá ṣọ́ọ̀bù ní Adum. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, àmọ́ Alabar ni wọ́n bí wọn sí. Aago kan ni wọ́n máa dé."

Ọwọ́ Sàwúdátù dúró lórí àwo. Àlàájì Bákàrè ló so yìgì rẹ̀. Òun náà ló sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ.

"Mùsùlùmí? Lórí tábìlì Kérésì mi?"

"Ṣé ẹnu wọn á ba àwo jẹ́ ni? Ẹ ṣáà gbé ẹlẹ́dẹ̀ jìnnà sí wọn."

"Orí ń fọ́ mi. Yàrá ni màá ti jẹun."

"O ò ní dójú tì mí, Túnmiṣe. Ìwọ lo máa gé tòlótòló. Àbí kí èmi gé e, kí gbogbo wa jẹ eegun?" Olúṣèyí rẹ́rìn-ín, ó jáde lọ ti géètì. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Sàwúdátù wo ojú fèrèsé. Irin ni wọ́n fi dí i látòkè délẹ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ tán, ṣé mo lè lọ dùbúlẹ̀? Inú ń run mí."

"Inú ń run ẹ́? Òní gan-an?" Màdáàmù ò gbójú sókè. "Ìwọ lo máa gbé oúnjẹ fún un. Ìwọ lo máa bomi fún un wẹwọ́. Èmi ò ní sún mọ́ ọn."

Ó mú àwo àlejò, ó gbé e sí ìparí tábìlì lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó wá lọ gbé igi Kérésì kékeré tó wà ní pálọ̀, tòun ti àwọn bọ́ọ̀lù dídán ara rẹ̀, ó gbé e sáàárín tábìlì. Igi kankan ò sí nínú àwòrán. Ó jókòó sórí àga tirẹ̀, ó wò ó, ó dìde, ó sún un díẹ̀, ó tún jókòó.

Sàwúdátù dúró sẹ́yìn àga náà. Láti ibẹ̀, kò rí àga àlejò rárá. Ó dúpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀.

Ní aago kan, wọ́n gbọ́ ohùn àgbàlagbà ní géètì. "Agoo!"

"Amee! Ẹ káàbọ̀, Bàbá!" Olúṣèyí sáré lọ ṣílẹ̀kùn.

Màdáàmù ti pín fìlà pupa Kérésì fún gbogbo wọn. Ó fa tirẹ̀ wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú. Sàwúdátù náà fa tirẹ̀ wálẹ̀, ó gbé abọ́ ìrẹsì dání, ó tẹ orí ba.

Àlàájì Bákàrè jókòó. Ó kí wọn kú ọdún, ó yin àwo, ó bọ́ fìlà rẹ̀ sórí itan. "Ẹni tó to tábìlì yìí mà mọ nǹkan tò o. Àmọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé inú igbó ni wọ́n pè mí wá jẹun ni? Mi ò rí yín."

Olúṣèyí bú sẹ́rìn-ín. "Bùsáyọ̀, gbé igi yẹn kúrò, kí Bàbá lè rí wa."

Sàwúdátù wo Màdáàmù. Ọ̀bẹ tòlótòló ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bùsáyọ̀, ṣé o ò gbọ́ ni?"

Ó gbé abọ́ ìrẹsì kalẹ̀. Ó gbé igi náà kúrò. Àwọn bọ́ọ̀lù náà ń kanra wọn. Nígbà tó gbójú sókè, ojú bàbá náà ti wà lára wọn. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó dìde, ó sì ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, díẹ̀díẹ̀. Sàwúdátù ti ń ro ibi tí òun máa gbé ọmọ rẹ̀ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bàbá náà kọjá lára rẹ̀, ó dúró níwájú ìyàwó Olúṣèyí, ó rọra ṣí fìlà pupa náà kúrò níwájú orí rẹ̀, ó ní: "Bàlkísù, ọmọ Munir, ọdún kejìdínlógún rèé tí ìyá rẹ ti ń bu sàárì tìrẹ sọ́tọ̀ ní Alabar."