Ìkíni Ẹ̀yìn Gíláàsì

Kí ìyá arúgbó tó jókòó tán nídìí gíláàsì ọgbà ẹ̀wọ̀n, Mọ́ṣúdù ọmọ rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lódìkejì. Wọ́dà tí kò rí irú ìkíni bẹ́ẹ̀ rí figbe ta pé ẹlẹ́wọ̀n ti dákú.

Láti New Carrollton, ìlú òyìnbó tó ti wọkọ̀ wá, ni ìyá ti ń rò ó pé bí ọmọ òun bá ṣàìsàn lẹ́wọ̀n, ta ni yóò wò ó? Kíá, nọ́ọ̀sì méjì taari ibùsùn onítáyà dé.

"Màámi, ara mi le, ẹ sọ fún wọn."

"Sùn síbẹ̀," ni ìyá wí, ẹ̀rín ń pa á bí ọtí. "Jẹ́ n rí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ."

Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì náà gbọ́ Yorùbá, ó wojú ìyá, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ káàsán, mà."

Wọ́dà tún figbe ta pé kí wọ́n gbé ibùsùn kejì wá.