Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Jayéọlá

Láti ìgbà tí Olúgbóyèga Jayéọlá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni òun àti Àyìnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ti jọ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́yìn àdúrà àárọ̀. Inú páálí kan náà ni wọ́n ti ń mú un. Nígbà tó yá, dókítà ní kí Bàbá lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ìfẹ́dayọ̀, ọmọ wọn obìnrin, ló fi ọkọ̀ gbé wọn láti Festac lọ sí ibi àyẹ̀wò kan ní Mazamaza.

"Dádì, ẹ má sá o. Abẹ́rẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀kọ̀."

"Ta ló ń sá?" Òógùn ti bo iwájú orí Bàbá.

Ìfẹ́dayọ̀ dúró ti ọkọ̀. Nígbà tí tọkọtaya náà jáde, Bàbá ló fi báàgì ìyàwó rẹ̀ kọ́ apá.

"Ẹ wá wo ìfẹ́! Ẹni tí wọ́n gún ló tún ń gbé ẹrù!"

Màmá rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

Àjà kẹta ni ilé wọn wà. Bàbá kọ́kọ́ gòkè. Màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn ní àjà kejì, ó ní orúnkún ló ń yọ òun lẹ́nu.

Nírọ̀lẹ́, dókítà pe Ìfẹ́dayọ̀. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó sáré lọ bá Bàbá.

"Dádì, àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ara yín ti dín kù gan-an. Dókítà ní bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru, tí kò tún tó lára, ọkàn á máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó. Ó lè dáṣẹ́ sílẹ̀ nígbàkugbà. Ẹ ò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn mọ́."

Ojú Bàbá ràn. "Ìyá rẹ dà?"

"Wọ́n lọ ra mílíìkì nísàlẹ̀."

"Ta ló rán an?" Bàbá dìde.

"Dádì, ẹ jókòó! Ọkàn yín!" Ìfẹ́dayọ̀ tẹ èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ fi Mọ́mì sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yín là ń sọ."

Ìró ẹsẹ̀ Màmá ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, díẹ̀díẹ̀. Ó dé àjà kejì, ó dákẹ́. Agolo mílíìkì kan já bọ́, ó ń yí gbiri-gbiri lọ sísàlẹ̀.

Bàbá já ara rẹ̀ gbà. "Ìfẹ́dayọ̀, fi mí sílẹ̀, sáré lọ bá ìyá rẹ: nígbà tí wọ́n pe Jayéọlá níbi àyẹ̀wò, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ bà mí, apá tirẹ̀ ló nà fún wọn!"