Ọkọ̀ Tí Kì í Kọjá Afárá

Sátidé mẹ́ta ni Tíṣà ti gbéra lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni ọkọ̀ náà kú kó tó dé afárá. Ọkọ̀ eré ìje àtijọ́ ni, pupa, oníjòkòó méjì péré. Àwọn ọmọ ìyá méjèèjì ló jọ rà á nígbà tí ara wọn ṣì le. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rìnrìn àjò, Tíṣà kọ orúkọ ara rẹ̀ nìkan sínú ìwé ọkọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí wọn ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ní báyìí, ẹ̀gbọ́n wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn, dókítà sì ti ní káwọn ọmọ múra sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló bèèrè: kí àbúrò òun gbé ọkọ̀ náà wá, kóun gbọ́ ohùn ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kóun tó lọ.

"Ìwọ nìkan ni mo gbójú lé," Tíṣà sọ fún mẹkáníìkì. "Bí ọkọ̀ yìí bá já mi kulẹ̀ lónìí, ó parí."

Tíṣà ló kọ́ mẹkáníìkì ní ìṣirò nílé ìwé. Bó bá rántí ẹgba tó jẹ nígbà náà, ẹ̀yìn ṣì máa ń ta á. Síbẹ̀, ó fẹ́ràn bàbá náà dénú. Ó ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì. Ó ti tú kábúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Ó ti pààrọ̀ kọ́ìlì, ó yọ páìpù epo, ó fẹ́ ẹ. Ní ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ náà á ṣiṣẹ́ wákàtí kan gbáko láì húkọ́. Bó bá ti sùn nílé Tíṣà di Sátidé, ó tán. Ojú ń ti mẹkáníìkì, ló bá ní òun á bá wọn lọ lónìí, kóun fi etí ara òun gbọ́ ọ.

Ìyàwó Tíṣà jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń jáde. Obìnrin yẹn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ sétí.

"Ẹ óò tún padà wá," ó ní. "Mi ò tiẹ̀ ní gbé ìkòkò kúrò lórí iná."

"Màmá, ẹ ṣàdúrà fún wa ná," mẹkáníìkì bẹ̀ ẹ́.

"Àdúrà kẹ̀? Ẹ bá mi kí i o, bẹ́ ẹ bá débẹ̀."

Tíṣà wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀ńjìnnì ń dún dáadáa. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò yí padà. Inú mẹkáníìkì ti ń dùn nígbà tí wọ́n rí irin afárá lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó kú. Tíṣà darí rẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ṣó o rí i? Ṣó o ti wá rí i báyìí?"

Fóònù dún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ni. "Bàbá kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ dé? A ti gbé wọn sí fàráńdà. Wọ́n ń bèèrè yín. Èémí wọn ò dáa mọ́."

"À ń bọ̀," Tíṣà ní. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wá ń fi èékánná kan yọ ìdọ̀tí lábẹ́ èkejì.

Ara mẹkáníìkì bù máṣọ. Iná wà lẹ́nu plọ́ọ̀gì. Epo ni ò dé ẹ̀ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ táǹkì kún. Ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ṣí ìdérí táǹkì. Táǹkì fa afẹ́fẹ́ sínú, fíìì, bí ẹni tí wọ́n ti dí nímú láti àárọ̀.

Ó gbé ìdérí náà sójú. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí epo bá ṣe ń lọ. Bí ihò náà bá dí, epo ò ní lè jáde mọ́. Ọ̀rá àbẹ́là funfun ló kún inú rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó Tíṣà sọ nípa ìkòkò orí iná ló kọ́kọ́ sọ sí mẹkáníìkì lọ́kàn. Inú bí i gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹnu wo lèèyàn fẹ́ fi sọ fún bàbá àgbà pé ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣe é? Ó fi abẹ́rẹ́ tú ọ̀rá náà síta, ó dé táǹkì padà.

"Ìdọ̀tí ló dí i, sà. Ó ti tán. Kò ní kú mọ́."

Tíṣà wò ó. "Ṣó dá ẹ lójú?"

"Mo fi iṣẹ́ mi búra, sà."

"Kódà bá a bá kọjá afárá?"

"Kódà bẹ́ ẹ bá fẹ́ wà á dọ̀la."

Tíṣà na kọ́kọ́rọ́ sí i. "Ìwọ máa wà á. Ọwọ́ mi ò dúró."

Mẹkáníìkì tẹ iná mọ́ ọn, wọ́n kọjá afárá. Tíṣà di ilẹ̀kùn mú, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. A óò bá wọn láyé."

Bó ṣe ń wa ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún màmá yẹn jọ sínú.

Wọ́n wọ ọgbà ẹ̀gbọ́n. Ó wà lórí àga ní fàráńdà, ojú rẹ̀ pa dé. Bí ohùn ẹ̀ńjìnnì ṣe kàn án létí, ó lajú. Mẹkáníìkì nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́.

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ má pa á!" ọmọ ẹ̀gbọ́n pariwo láti fàráńdà. Ó tún tẹ etí sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu. "Wọ́n ní àwọn ò bínú mọ́! Wọ́n ní kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá!"

Tíṣà bú sẹ́kún. Ó fa áńkáṣíìfù yọ lápò kó fi nu ojú, kùkùté àbẹ́là funfun kan sì bá a jáde, ó já bọ́ sórí ẹsẹ̀ mẹkáníìkì, àmì àtàǹpàkò Tíṣà ṣì wà lára rẹ̀.