Ìyáálé Ọkọ̀ Oníná

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni Adéwùsì ti wà lójúde, tó ń fi aṣọ rírọ̀ nu ojú ọkọ̀ oníná rẹ̀ tuntun.

"Ẹ káàárọ̀ o, Àkànó," ni ọkọ̀ náà ń wí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. "Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Ẹ̀rín ni Adéwùsì fi dáhùn. Owú gún Mojírọ́lá ìyàwó rẹ̀ lọ́kàn níbi tó dúró sí lójú fèrèsé. Ìgbà wo ni ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín sí ìkíni òun gbẹ̀yìn? Iná oòrùn tí òrùlé wọn ń kó jọ pàápàá, ọkọ̀ ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́ yó; àjẹkù ló ń kan ìkòkò ọbẹ̀.

Bí ọkọ rẹ̀ ṣe wọlé lọ wẹ̀, Mojírọ́lá já síta, ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó jókòó sínú rẹ̀.

"Gbọ́ dáadáa! Mo ti ń bẹ nílé yìí kí o tó dé. Èmi ni ìyáálé ẹ! Mi ò fẹ́ àfojúdi."

Iná kékeré iwájú ọkọ̀ náà ń ṣẹ́jú, bó ti máa ń ṣe tó bá ń kọ́ ohun tuntun.

"Mo ti gbọ́, ìyáálé mi. Ẹ má bínú."

Mojírọ́lá wọlé tayọ̀tayọ̀ bí ẹni tó ja ogun tó sì ṣẹ́gun.

Nígbà tí Adéwùsì ń lọ síbi iṣẹ́, Mojírọ́lá gbé abọ́ oúnjẹ ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e dé ìdí ọkọ̀, bó ti máa ń ṣe. Ọkọ̀ náà rọra pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn lójú.

"Ẹ gbé e padà sílé, ìyáálé mi. Ọ̀dọ̀ tèmi ni ọkọ wa ti máa jẹun lónìí."